Laptop tó máa ń yá nígbà tí iná bá lọ

"Ẹnjiníà, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ o. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, ara rẹ̀ á yá gágá."

Ọjọ́ tí Màmá Tíṣà kọ́kọ́ gbé laptop rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mà, bóyá òun náà rí i pé iná ò sí, ó ń sáré parí iṣẹ́ kí bátìrì tó kú." Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín, màmá náà bá wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi san gbèsè ẹ̀rín yẹn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ, ibi tí mo ti ṣe é re àti ibi tí mo ti ṣì í.

Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni. Ìdánwò táàmù kìíní ti kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá sì ní ìbéèrè kíláàsì mẹ́ta láti tẹ̀. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan nínú Abuja níbí, ìdí nìyẹn tí ìyà laptop rẹ̀ fi ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ lè dúró kí ọ̀rọ̀ jáde nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó ń tẹ Yorùbá ní láti fi àmì sórí, fi àmì sábẹ́, àmì náà á sì pẹ́ kó tó dé. "Mo fẹ́ tẹ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko," ó ní, "ó gbé ọkọ̀ jáde fún mi. Ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi mọ́tò ro ilẹ̀ ni?"

Laptop ọ̀hún jẹ́ ti ọdún 2015. Processor Core i5-5200U, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM 4 GB, hard disk 500 GB tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, àti Windows 10. Tòkunbọ̀ ni màmá rà á, ní 2019. Ọwọ́ mẹ́ta ti kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni àkọ́kọ́ format rẹ̀. Ẹni kejì náà format rẹ̀, ó wá fi antivirus méjì sí i, àfi bíi kéèyàn gba ọlọ́dẹ méjì sẹ́nu géètì kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì máa tú àpò àlejò kan náà. Ẹni kẹta kò fọwọ́ kàn án rárá, ó kàn ní kí màmá máa fi fáànù fẹ́ ẹ. Kí n má parọ́, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Mo máa ń wọn nǹkan kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Fóònù mi ni mo fi ka àkókò: láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì títí Chrome fi ṣeé lò, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti àáyá ogójì. Word nìkan gba ohun tó súnmọ́ ìṣẹ́jú méjì. Mo ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Òpó tí wọ́n kọ Disk sí ti pupa, 100%, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń gbé kò ju 1 tàbí 2 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rántí mọ́tò tó há sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tantan, tí táyà ń yí lójú kan. Hard disk irú èyí lè gbé nǹkan bí 100 MB ní àáyá kan tí fáìlì bá tò léra wọn. Ṣùgbọ́n fáìlì wẹ́wẹ́ ni Windows máa ń wá kiri, orí tó ń kà á sì ní láti máa fò láti ìhín lọ sí ọ̀hún, kó tún dúró de àwo irin náà kó yí dé ibi tó fẹ́. Ìdúró yìí ló ń jẹ àkókò.

RAM náà ti kún fọ́fọ́. Màmá ní kí n ṣàlàyé, mo sì fi tábìlì rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní, "Mà, RAM ni tábìlì yín, hard disk ni kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá kejì. Tábìlì yín gba ìwé ọmọ mẹ́wàá, ọmọ márùndínláàádọ́ta lẹ sì fẹ́ máàkì. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé kọkànlá, wọ́n ní láti gbé ọ̀kan padà lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó gbé òmíràn wá. Ẹni tó ń bá yín gbé e yìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún." Ó mi orí. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun náà.

Ìgbà tí mo fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara disk ṣe le sí, yẹ hard disk wò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọ̀ ìyeyè ló gbé jáde dípò búlúù. Ìlà C5, èyí tó ń ka ibi tí disk gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, kò sí ní òdo mọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfalẹ̀ lásán, disk ọ̀hún ti ń kú lọ. Láti ibẹ̀, ìtò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yí: kò sí format, kò sí defrag (títún fáìlì tò), kò sí ohun tó máa mú disk náà ṣe wàhálà àṣekún. Ẹ̀dà iṣẹ́ màmá ni mo máa kọ́kọ́ kó jáde. Ẹni tó bá sáré fọ irú disk bẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó kó ẹrù inú rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ló fi ta tẹ́tẹ́.

Mo yọ ọ́, mo fi í sínú àpótí USB, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi. Ìbéèrè ìdánwò, àbájáde ọmọ, fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó gba gbogbo òru. Fáìlì méjì péré ló kọ̀ jálẹ̀ tí kò ṣeé kà. Ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè JSS 2, ṣùgbọ́n màmá ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí WhatsApp nígbà kan, ibẹ̀ la ti rí i gbà. Èkejì, a ò mọ ohun tó jẹ́ títí dòní.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa lọ sí Berger, mo tibẹ̀ lọ sí Banex Plaza, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Wuse 2. Ẹni tó bá mọ Banex mọ̀ pé etí méjì kò tó níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń pè ọ́ ní ọ̀gá. Mallam kan wà tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. SSD 256 GB oní-SATA (disk tí kò ní àwo tó ń yí, tó sì yá ju hard disk lọ) ni mo wá, pẹ̀lú RAM 4 GB kan, torí ihò RAM méjì ló wà nínú laptop náà, ọ̀kan sì ṣófo. Ó gbé RAM wá. Mo yí i padà, mo ka ara rẹ̀: PC3. Mo ní PC3L ni mo fẹ́. Ó ní, "Oga, duk ɗaya ne," pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní, "Ba ɗaya ba ne." Kì í ṣe ọ̀kan náà lóòótọ́. PC3 ń lo iná 1.5 V, PC3L ń lo 1.35 V, èyí tí wọ́n fi L sí yìí nìkan sì ni i5-5200U fọwọ́ sí. Ìlà kékeré kan lára sítíkà ni, ó lè ba ọjọ́ kan jẹ́ fún ọ. Mallam wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rán ọmọ lọ gbé PC3L wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì.

SSD ní tirẹ̀, ayédèrú pọ̀ nígboro tó jẹ́ pé mi ò kí í gba àkọlé gbọ́. Mo so ó mọ́ laptop tèmi níbẹ̀, mo sì fi H2testw sí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa kọ nǹkan kún gbogbo àyè tí disk náà ní òun ní, lẹ́yìn náà ó máa kà á padà bóyá ohun tó kọ ló ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ 32 GB tó ń pe ara rẹ̀ ní 256, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú. Mallam ní mo ń fi àkókò òun ṣòfò, ó tún ra tíì fún mi. Ó yege.

Nígbà tí mo délé tí mo tú ẹ̀yìn laptop, fáànù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹni tí kò bá gbé ìhà àríwá rí lè má mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún kọ̀ǹpútà. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ tó ń ta síni lójú lásán, ó kúnná bí ìyẹ̀fun, ó ń wọ ibi tí omi kò lè wọ̀. Ọyẹ́ ọdún mẹ́fà ló wà láàárín fáànù àti irin tó ń tú ooru dànù, ó ti di bí aṣọ òfì, mo fi ẹ̀mú ṣí i kúrò lódidi. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká fi pamọ́ kí màmá rí i. A fi pamọ́. Paste tó ń gbé ooru, tó wà láàárín irin yẹn àti processor, ti gbẹ bíi ẹfun. Mo nù ún kúrò, mo fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó fọ̀ ọ́, tí mo bá ti fi fídíò sí i, ooru processor ń dé 97°C, èyí tó kù díẹ̀ kó kan 105°C tó jẹ́ òpin rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, fídíò kan náà kò gbé e kọjá 72°C.

Mi ò kọ Windows àtijọ́ sórí SSD, torí ìdọ̀tí ọwọ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Windows 10 tuntun, ẹ̀dà 22H2, ni mo fi sí i. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, laptop yìí kò sì lè gba Windows 11 lọ́nà tó bófin mu. Ìran karùn-ún ni processor rẹ̀, ìran kẹjọ ni Windows 11 sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ti Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Mo fi Linux Mint, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, lọ màmá, ó ní ṣé Word tòun wà níbẹ̀, mo ní èyí tó jọ ọ́ wà. Ó ní òun ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́. Mo wá forúkọ laptop rẹ̀ sílẹ̀ fún ESU, àfikún àtúnṣe ààbò tí Microsoft ń fún Windows 10, tó máa jẹ́ kó ṣì máa gba ìdáàbòbò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Ìyẹn fún un ní àkókò láti ronú.

Láti bọ́tìnnì dé Chrome di àáyá mọ́kànlélógún. Ní ọjọ́ kẹrin ni màmá wá gbé e. Ó tẹ gbólóhùn kan, ó fi àmì sí i, àmì jókòó síbi tó yẹ. Ó gbàdúrà fún mi lórí ìdúró. Mo sì fi kún un pé bátìrì ti ń darúgbó, kó máa wá owó òmíràn.

Ní ọjọ́ kẹfà, ago mẹ́jọ alẹ́, fóònù dún. "Ẹnjiníà, ó ti tún padà síbi tó wà o."

Mo ní kó gbé e wá. Ó gbé e wá ní ọjọ́ keje, mo tàn án: àáyá mọ́kànlélógún. Mo lò ó títí ìrọ̀lẹ́, ó ń sáré bí ẹṣin Durbar. Mo yẹ SSD wò, ara rẹ̀ le. Mo wá ohun tó ń yọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, kò sí. Màmá gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan sí i: mouse kò lè rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹnjiníà bá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Mo ní bóyá iná àdúgbò wọn ló lọ sílẹ̀ jù, kó lọ ra stabilizer. Títí dòní mo ń dúpẹ́ pé kò tíì rà á. Ọkọ rẹ̀ ti ní nǹkan tirẹ̀ láti sọ pẹ̀lú, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún pásítọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo gbéra lọ sílé wọn. Wọ́n gbé ìrẹsì fún mi, mo ní ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan yìí ná. Laptop wà lórí tábìlì, ṣájà wà lára rẹ̀, iná wà. Mo fọwọ́ kan mouse. Òótọ́ ni, ó burú jáì, ó burú ju bó ṣe wà kí n tó ṣe é lọ. Mo ṣí Task Manager, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Disk: 2%. RAM: ìdajì. CPU, ìyẹn processor: 100%. Mo wá wo ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀, èyí tí mi ò wò ní ọjọ́ kìíní torí pé disk ti gba gbogbo ojú mi. Speed: 0.49 GHz. Processor tó yẹ kó máa sáré ní 2.2 sí 2.7 ń rìn ní ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ.

Fáànù òkè dúró, àwọn ọmọ àdúgbò pariwo, mo sì ń wo ìlà yẹn bó ṣe ń gòkè: 1.8, 2.4, 2.5. Mouse gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Màmá wà lẹ́yìn mi, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Iná dé, ṣájà tàn, 0.49. Mo yọ ṣájà, 2.5. Mo fi í padà, 0.49. Mo pa laptop, mo tún un tàn pẹ̀lú ṣájà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun kan sì jáde lójú rẹ̀ lórí àwọ̀ dúdú: ó ní òun kò mọ irú ṣájà tí wọ́n fi sí òun lára. Mo bi màmá bóyá ó ti rí i rí. "Èyí? Ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó ta ṣájà fún mi ní tó bá ti wá, kí n tẹ F1."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Nínú ẹnu ṣájà irú laptop yìí, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà láàárín. Kì í gbé agbára wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún laptop pé, "Ṣájà 65 W ni mí." Bí okùn abẹ́rẹ́ náà bá já nínú, tàbí tó bá jẹ́ pé ayédèrú ni ṣájà tí kò ní nǹkan láti sọ, laptop kò ní mọ iye tí ó lè fà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ṣájà má baà jóná, ó máa ṣe ohun méjì. Ó máa kọ̀ láti gba iná sínú bátìrì, ó sì máa so processor mọ́lẹ̀. Ṣájà tó bá laptop náà wá ti kú ní ọdún tó kọjá, màmá sì ra òmíràn lójú títì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bátìrì tí kò gba iná nílé, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tí iná bá lọ? Màmá ló dáhùn. Ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹnì kan wà tó ní irú laptop kan náà, ṣájà tirẹ̀ ni màmá máa ń yá lò níbẹ̀. Ilé ìwé ni bátìrì ti ń yó, ilé ló ti ń ná an. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi ṣe nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù mi: màmá ò gbé ṣájà wá rí, tèmi ni mo máa ń fi sí i. Bátìrì tí mo ní ó ti darúgbó wá ńkọ́? Mo fi powercfg /batteryreport, àṣẹ Windows tó ń sọ bí bátìrì ṣe wà, yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ṣì wà. Díẹ̀ ló kù kí n ta bátìrì fún ẹni tí kò nílò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé hard disk ọjọ́sí kò ṣe nǹkan kan o. Ó ń kú, ooru ń pa processor, RAM kò tó. Àrùn mẹ́rin ló wà lára aláìsàn kan, mẹ́ta tí mo wò sàn ló wá jẹ́ kí ìkẹrin hàn kedere. Nígbà tí gbogbo nǹkan ń falẹ̀, ta ló máa mọ èyí tí ṣájà ń fà?

Mo fi ṣájà tèmi sí i nínú ilé náà kí n lè dá ihò laptop láre: 2.5, bátìrì sì ń gba iná. Ihò kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń fi ètò kan tó ń jẹ́ ThrottleStop gé okùn tí laptop fi so processor mọ́lẹ̀, kí wọ́n lè máa lo ṣájà burúkú náà lọ. Èmi kì í ṣe é. Bátìrì kò ní tìtorí ìyẹn gba iná, ṣájà tí kò sẹ́ni tó mọ agbára rẹ̀ á sì máa gbóná lábẹ́ tábìlì níbi tí ọmọ ń sùn sí.

Lọ́jọ́ kejì mo bá a ra ṣájà 65 W tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo wọ BIOS, ojú ewé ètò inú laptop tó wà ṣáájú Windows, kí n tó san owó, ó kọ 65 W síbẹ̀ gbangba. Mi ò gba owó iṣẹ́ lórí ìyẹn. Màmá fẹ́ fi ipá fún mi, mo kọ̀. Ó ní kí n má ju ṣájà àtijọ́ nù, kí n gé orí rẹ̀ fún òun, okùn rẹ̀ gùn, ó máa dára fún sísá aṣọ ní bàkónì.